Orí Kẹjọ: Bátìrì Ọkọ̀, Iye Ọdún Tó Ń Lò àti Bí A Ṣe Ń Ra Òmíràn

Ooru ló ń pa bátìrì ọkọ̀. Òtútù kàn ń tú àṣírí rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí lè ṣàjèjì létí ẹni tó ti gbé ìlú òyìnbó rí, nítorí àsìkò yìnyín ni ọkọ̀ àwọn ará ibẹ̀ máa ń kọ̀ tí kò ní gbéra. Àmọ́ oṣù tí oòrùn ń mú ti jẹ bátìrì náà nínú tẹ́lẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ òtútù, tí ẹ́ńjìnnì ti le, tí sítátà sì ń bèèrè agbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ni awakọ̀ tó mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí bátìrì kan fi lè lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí irú rẹ̀ gan-an kì í sábà ju nǹkan bí ọdún 3 lọ ní ìpínlẹ̀ Arizona tí oòrùn ti ń ta ganrínganrín. Èkó, Ìbàdàn, Kútọnu àti Lomé sún mọ́ ti Arizona ju ti àríwá lọ. Ọdún 2 sí 3 ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń rí lórí bátìrì olómi lágbègbè wa. Ẹni tó bá rí 4, ó tọ́jú tirẹ̀ dáadáa.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mú kúrò nínú orí yìí kò pọ̀. Nọ́ńbà tó tóbi jù lórí àtẹ kọ́ ni bátìrì tó dára jù. Èyí tó bá ọkọ̀ mu, tí kò tíì pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí alternator ọkọ̀ náà, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná, sì ń ṣáàjì rẹ̀ bó ti yẹ, ló ń pẹ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Gbogbo ìyókù jẹ́ àlàyé lórí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nínú àpótí náà

Lọ́dún 1859, Gaston Planté, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ká abala òjé méjì pọ̀, ó rì wọ́n sínú ásíìdì sọ́fúríìkì, ó sì rí i pé iná tí òun tì bọ inú rẹ̀ ṣeé fà jáde, ó sì tún ṣeé dá padà. Camille Faure, ọmọ ilẹ̀ Faransé bíi tirẹ̀, tún iṣẹ́ náà ṣe lọ́dún 1881: ó fi ìpara òjé kun pléètì náà kó lè gba iná púpọ̀ sí i. Bátìrì wà, ọkọ̀ dé, síbẹ̀ ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí irin gbọọrọ níwájú ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó tan, irin náà sì máa ń ta padà, ó ń ṣẹ́ àwọn èèyàn lápá. Lọ́dún 1912 ni ilé iṣẹ́ Cadillac gbé ọkọ̀ jáde pẹ̀lú sítátà oníná tí Charles Kettering ṣe. Láti ìgbà náà ni bátìrì ti di ẹrù tí ọkọ̀ kò lè ṣe láìní.

Bátìrì 12V ní yàrá mẹ́fà, yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú iná tó lé díẹ̀ ní 2V wá. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, pléètì rere àti pléètì òdì dúró ní méjì méjì, wọn kò fara kanra, ásíìdì sì wà láàárín wọn. Pléètì kọ̀ọ̀kan jẹ́ asẹ́ òjé tí wọ́n fi ìpara dí ojú rẹ̀. Bí bátìrì bá ń fún ọkọ̀ níná, ojú pléètì méjèèjì ń yí padà di sọ́fétì òjé, ásíìdì náà sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ di omi. Bí alternator bá ń ṣáàjì rẹ̀, sọ́fétì náà ń tú, ásíìdì sì ń padà mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibi lílọ bíbọ̀ yìí ni àìsàn bátìrì ti ń wọlé.

Sítátà ń fẹ́ iná ọgọ́rọ̀ọ̀rún áḿpù, àmọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe pléètì bátìrì ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kó lè pọ̀ nínú àpótí kan, kí ojú tí ásíìdì ń bá ṣiṣẹ́ sì fẹ̀. Pléètì bátìrì inverter nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n mọ̀ pé wọn yóò máa fa iná inú rẹ̀ lóru mọ́jú. Ẹni tó bá gbé bátìrì ọkọ̀ wọlé nítorí àìsí iná, tó so ó mọ́ inverter, tó sì ń lò ó tán lálaalẹ́, ń fi ohun tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ kan ṣe iṣẹ́ mìíràn. Kì í pẹ́ tí ìpara náà fi ń bọ́ sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ohun tó ń dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò

Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní òfin kan tó rọrùn láti rántí: bí ooru bá fi 10°C lé sí i, iṣẹ́ kẹ́míkà á fẹ́rẹ̀ẹ́ yára ní ìlọ́po méjì. Jíjẹ tí ásíìdì ń jẹ asẹ́ òjé náà jẹ́ iṣẹ́ kẹ́míkà. Ọ̀sán Èkó lè wà ní 32°C, ṣùgbọ́n abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lè kọjá 60°C, torí afẹ́fẹ́ kò wọlé, ẹ́ńjìnnì sì ń tú ooru sílẹ̀ ṣáá. Ẹni tó ń ná afárá Third Mainland ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì mọ ohun tí à ń sọ. Lójoojúmọ́ ni asẹ́ náà ń tín-ín-rín, tí omi inú bátìrì sì ń gbẹ.

Àìtó ṣáàjì ló tẹ̀ lé ooru. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àti ọjà nìkan ló ń lọ, tí ìrìn rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ, kì í dá iná tí sítátà gbà padà tán. Ti ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ rìnrìn-àjò tó gbé e kalẹ̀ ní oṣù méjì tún burú jù. Sọ́fétì tó yẹ kó tú wà níbẹ̀, ó ń le, ó ń di hóró funfun tí ṣáàjì kò lè tú mọ́. Bátìrì tó bá pẹ́ nísàlẹ̀ 12.4V wà nínú ewu yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń tan ọkọ̀.

Gbígbọ̀n náà ń ṣe tirẹ̀. Irin tó ń di bátìrì mú sórí àga rẹ̀ máa ń sọnù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, wọn á sì fi rọ́bà tí wọ́n gé lára túúbù dè é. Lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò, ìpara ń gbọ̀n dànù lára pléètì. Irin ìdè náà kò wọ́n, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ra bátìrì rà á mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ omi ló gba àkíyèsí jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ọwọ́ ara wọn pa bátìrì. Ohun méjì ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan náà, omi bátìrì: ọ̀kan jẹ́ ásíìdì, èkejì jẹ́ omi tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ kó di omi tí ohunkóhun kò sí nínú rẹ̀. Ásíìdì kì í gbẹ kúrò nínú bátìrì tí kò jò. Omi nìkan ló ń lọ. Nítorí náà omi nìkan ló yẹ kí a dá padà. Ẹni tó bá ń fi ásíìdì kún un, ọkọ̀ rẹ̀ lè tan dáadáa fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, inú rẹ̀ á dùn pé òun ti rí oògùn, bẹ́ẹ̀ ásíìdì tó ti mú ju bó ti yẹ lọ ti ń jẹ pléètì run. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ kò dára, torí irin àti kẹ́míkà inú wọn ń ba pléètì jẹ́. Omi òjò tó ti orí páànù wá kò yàtọ̀. Kí omi náà bo pléètì dé ibi àmì ti tó. Bó bá kún jù, yóò tú jáde nígbà tó bá gbóná.

Ṣé bátìrì ni, àbí nǹkan mìíràn?

Ọ̀pọ̀ bátìrì tuntun ni wọ́n ti rà fún ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Kí owó tó jáde lápò, kí mítà kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Rìwáyà gidi ní mítà, kò sì sí ìdí tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ kò fi ní kékeré kan nínú ọkọ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́ ni ti àárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú láìṣiṣẹ́. Bátìrì tó kún yóò fi 12.6V tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn. 12.4V túmọ̀ sí pé ó ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin; 12.2V jẹ́ ààbọ̀; 12.0V jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nígbà tó bá sì wà ní 11.8V, ó ti tán. Ìdánwò kejì ni pé kí ẹnì kan ṣíná ọkọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń wo mítà. Bí bátìrì tó fi 12.6V hàn bá já lulẹ̀ sísàlẹ̀ 9.6V bí sítátà ṣe ń yí, kò lágbára mọ́, ohun yòówù tí mítà ìbá ti sọ láàárọ̀. Ìkẹta, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ti tan: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yóò fi 13.8V sí 14.5V hàn. Bí kò bá gòkè kúrò ní 12V àti díẹ̀, alternator tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Bó bá kọjá 15V, alternator ń se bátìrì náà ni, bátìrì tuntun tí wọ́n bá sì fi síbẹ̀ yóò jìyà kan náà.

Àṣà àtijọ́ kan wà tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀: yíyọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti mọ̀ bóyá alternator dára. Ó ṣiṣẹ́ fún àwọn ọkọ̀ ayé ìgbà kan tí kò ní kọ̀ǹpútà. Nínú ọkọ̀ òde òní, iná alternator lè fò sókè lójijì nígbà tí bátìrì kò sí níbẹ̀ láti gbà á, brain-box ló sì máa ń gba ìlù náà. Owó brain-box kan lè ra bátìrì bíi mélòó kan.

Ìdánwò tó kẹ́yìn jẹ́ ti olè iná. Ọkọ̀ tó dúró, tí wọ́n ti pa, kò yẹ kó máa gba ju bí 0.05A lọ. Ká ní rédíò tàbí àlàámù tí wọn kò so dáadáa ń gba 0.5A. Nínú wákàtí 24, ìyẹn jẹ́ 12Ah (áḿpù-wákàtí). Bátìrì 60Ah tó kún dẹ́múdẹ́mú yóò gbẹ pátápátá lọ́jọ́ karùn-ún, kó tó sì di ìgbà náà ni yóò ti kọ̀ láti tan ọkọ̀. Bátìrì tuntun kò lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn.

Kíka ohun tí wọ́n kọ sí i lára

Bí ó bá dájú pé bátìrì ti kú, lébẹ́ẹ̀lì ló kàn. Ah ni wọ́n ń dárúkọ jù ní Ládípọ̀ ní Muṣin àti ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, àwọn oníbàárà á ní àwọn fẹ́ 62 tàbí 75. Nọ́ńbà yìí ń sọ iye iná tí bátìrì lè fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 20: 60Ah ń fún ni ní 3A fún gbogbo wákàtí náà. Kò túmọ̀ sí 60A fún wákàtí kan. Bí a bá yára fà á bẹ́ẹ̀, ohun tí a máa rí kéré sí i.

CCA jẹ́ ohun mìíràn. Bí Ah bá jẹ́ iye omi inú àmù, CCA ni fífẹ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ń sọ iye áḿpù tí bátìrì lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní òtútù -18°C, òtútù tí Èkó kò mọ̀ rí. Kò sí ìdí tí ará Ìbàdàn yóò fi sanwó gọbọi nítorí CCA tó ju èyí tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ béèrè lọ. Àní láàárín bátìrì méjì tí àpótí wọn dọ́gba, èyí tí CCA rẹ̀ ga jù sábà máa ń ní pléètì tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ooru sì máa ń tètè jẹ irú rẹ̀. RC, tí ojú kì í sábà tó, wúlò fún wa ju CCA lọ. Ó ń ka iye ìṣẹ́jú tí bátìrì lè fún ọkọ̀ ní 25A nígbà tí alternator ti kú. Awakọ̀ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lóru láàárín Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀, tí RC bátìrì rẹ̀ tó kún jẹ́ 100, ní nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ láti dé ibi tí èèyàn wà, pàápàá bó bá tètè pa AC.

Ìwọ̀n àpótí àti ibi tí orí rẹ̀ kọjú sí kò ṣeé fi dọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká wo Toyota Corolla ọdún 2003 sí 2008, irú èyí tí tòkunbọ̀ rẹ̀ kún ojú pópó wa. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń lo bátìrì tí wọ́n ń pè ní 35 níbẹ̀. Lórí àtẹ ní Ládípọ̀, ohun tí wọ́n kọ sára irú rẹ̀ lè jẹ́ 55D23L, torí ọ̀nà ìkọ̀wé àwọn ará Japan ni. 55 jẹ́ ipò agbára rẹ̀. D jẹ́ ìwọ̀n fífẹ̀ àti gíga. 23 ni gígùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. L ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí tẹ́mínà (+) wà. Bí ọlọ́jà bá gbé èyí tí wọ́n kọ R sí lára lé oníbàárà lọ́wọ́, wáyà kò ní dé ibi tó yẹ, mẹkáníìkì á sì fà á títí yóò fi dé. Wáyà tí wọ́n fà báyìí lè fara ha irin, kí iná sì sọ.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bátìrì 100Ah nínú Corolla á pẹ́ ju 60Ah lọ. Kò ní jó sítátà o, torí sítátà kì í gbà ju ohun tó nílò lọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò bá àga rẹ̀ mu. Irin ìdè kò ní lè dì í mú, tẹ́mínà rẹ̀ lè ga dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, alternator ọkọ̀ tí ìrìn rẹ̀ kúrú kò sì ní í lè mú un kún láé. Bátìrì ńlá tí kò kún rí máa ń ní hóró sọ́fétì bíi kékeré.

Ti irú bátìrì, ìpinnu náà rọrùn. Ọkọ̀ àtijọ́ àti ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ń lo bátìrì olómi, yálà èyí tó ní ìdérí tí a lè ṣí tàbí èyí tí wọ́n dí pa. Èyí tí wọ́n ń pè ní dry cell lọ́jà kò gbẹ o, ásíìdì ló wà nínú rẹ̀, kó má dùbúlẹ̀ lórí àga ọkọ̀. Fún ìlú olóoru, èyí tó ní ìdérí dára fún ẹni tó lè máa yẹ omi rẹ̀ wò lóṣooṣù. Ẹni tí kò bá ní àsìkò yẹn, kó ra èyí tí wọ́n dí pa. Ọkọ̀ tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ní ibi iná ìrìnnà, tó sì ń tan án padà, gbọ́dọ̀ lo AGM tàbí EFB, irú bátìrì tí wọ́n ṣe fún títan lemọ́lemọ́ bẹ́ẹ̀. Bátìrì olómi lásán nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń kú láìtọ́jọ́. Ọ̀pọ̀ BMW ìgbà yìí tún ń fẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sọ fún ọkọ̀ pé bátìrì tuntun ti dé, kó má baà máa ṣáàjì rẹ̀ bíi ti arúgbó.

Ọjọ́ ìbí bátìrì

Bátìrì ń dàgbà lórí àtẹ. Iná inú rẹ̀ ń tán fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, ooru ṣọ́ọ̀bù tí páànù bò sì ń mú kó yá. Ẹni tó ń rà á kò gbọ́dọ̀ gba èyí tó ti ju oṣù mẹ́fà lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, àyàfi bí ọlọ́jà bá lè fi mítà hàn pé ó kún. Àwọn kan kọ oṣù àti ọdún sí i gbangba. Àwọn mìíràn ń lo lẹ́tà fún oṣù, A fún oṣù kìíní, nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e fún ọdún. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá dán tí tẹ́mínà sì ti ní ojú sípánà, ẹnì kan ti lò ó rí. Bátìrì tòkunbọ̀ lè dà bí ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n ọjọ́ ayé rẹ̀ ti lọ sí ìlú mìíràn.

Irú mìíràn wà tó máa ń dé láìní ásíìdì nínú, tí wọ́n ń bu ásíìdì sí lójú oníbàárà. Irú èyí kì í dàgbà lórí àtẹ bíi ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kí wọ́n fi sínú ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kó jókòó fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí pléètì mu ásíìdì, kí wọ́n sì ṣáàjì rẹ̀ kún kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Fífi sínú ọkọ̀

Tẹ́mínà (–) ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ, òun náà ni wọ́n ń so kẹ́yìn. Ara ọkọ̀ jẹ́ (–). Bí sípánà tó wà lórí (+) bá fara kan irin nígbà tí (–) ṣì wà níbẹ̀, iná á sọ lójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Gáàsì háídírójìn ń jáde lára bátìrì tí wọ́n ń ṣáàjì, nítorí náà kí sìgá àti àbẹ́là jìnnà sí i. Lẹ́búlẹ́bú funfun tàbí àwọ̀ ewé tó wà lórí tẹ́mínà ni kí wọ́n fi omi gbígbóná àti ìyẹ̀fun sódà fọ̀, kí wọ́n sì fi fasilíìnì pa á.

Èyí tó ti kú

Òjé kì í jẹrà, èèyàn ló ń jẹ níyà. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar, ọmọdé 18 ló kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, lẹ́yìn tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń fọ́ bátìrì àtijọ́, tí wọ́n sì ń yọ òjé inú rẹ̀ láàárín ilé. Ibi tí wọ́n da ìdọ̀tí òjé sí ní Olódó, lẹ́yìn Ìbàdàn, di ohun tí àwọn olùwádìí ń yẹ̀ wò, torí òjé wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Àwọn ará Ogijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti pariwo lórí èéfín ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì. Ọpọlọ ọmọ kékeré ni òjé máa ń bàjẹ́ jù, kò sì sí oògùn tó ń dá ohun tó bà jẹ́ padà.

Ọlọ́jà tó ń ta bátìrì tuntun sábà máa ń gba èyí tó ti kú, á sì yọ owó rẹ̀ lára iye tí oníbàárà máa san, torí òjé inú rẹ̀ ṣì ní iye lórí. Kí olówó rẹ̀ gbé e lọ ní odidi, ní ìnàró, pẹ̀lú rọ́bà tó bo tẹ́mínà méjèèjì. Àwọn kan máa ń da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà kó lè fúyẹ́ láti gbé. Òjé tó ti bọ́ lára pléètì ń bá ásíìdì náà jáde, gọ́tà yẹn sì ni àwọn ọmọ àdúgbò ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.